Akọ Wo Ni Ká Dá Sí?

Lọ́jọ́ kan ní Manigri, tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí ètè gbogbo wa sì là, àbúrò bàbá mi obìnrin gbé ọmọ ewúrẹ́ kan lé itan wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹpọ̀n rẹ̀ wò, bí ẹni ń tẹ ọsàn wò lọ́jà, wọ́n wá gbójú sókè sí mi.

"Ọmọ mi, ìwọ tó o kàwé nípa ẹranko, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Akọ ni, kò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ. Ó dúdú látòkè délẹ̀, àfi ìlà funfun kan tó gba iwájú orí rẹ̀ kọjá. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n rí i tó ń gbìyànjú láti gun ìyá rẹ̀. Kíá ni mo dáhùn pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́." Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Èyí tí ìyá Ràfíù ń sìn ńkọ́? Ṣé ká tẹ ìyẹn náà? Tá a bá tẹ gbogbo wọn tán, ta ni yóò wá gun àwọn abo?" Ẹnu mi wọhò. Orí ìwé yìí ni ìdáhùn tí mi ò lè fún wọn lọ́jọ́ náà.

Manigri wà lábẹ́ àkóso Bassila, ní ìpínlẹ̀ Donga lórílẹ̀-èdè Benin, lórí títì tó ti Savalou àti Bantè bọ̀ tó ń lọ sí Djougou. Ẹ̀ka èdè kan nínú ẹbí Yorùbá ni àwa ará Manigri ń sọ. Anii ni àwọn onílẹ̀ Bassila ń sọ. Àwọn Fúlàní darandaran sì wà nínú igbó pẹ̀lú màlúù wọn. Èdè wa yàtọ̀ síra, àmọ́ ewúrẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń sìn: ewúrẹ́ kúkúrú, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tó ń bí ìbejì bí ẹni ń ṣeré, tí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í sì tètè pa. Láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù títí a ó fi kórè tán, okùn ló máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ kó má baà jẹ oko olóko. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó tú u sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ewúrẹ́ ilé mi àti ewúrẹ́ ilé rẹ mọ́. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹ èèpo iṣu, abẹ́ igi máńgòrò kan náà ni wọ́n ń sùn sí lọ́sàn-án, òbúkọ ilé kẹta ló sì máa ń jẹ́ bàbá ọmọ tí abo ilé kẹrin bá bí. Ohun tí mo gbàgbé nígbà tí mo ń yára dá Ìyá lóhùn nìyẹn.

"Tẹ̀ lọ́dàá" ni a ń wí. Ọ̀dá kan náà la fi ń pe ìgbà tí òjò kọ̀ tí ilẹ̀ sì gbẹ. Mo ti rí àgbàlagbà tí ara wọn ń bù máṣọ tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì bá wọn jiyàn, nítorí kì í ṣe ẹranko nìkan ni wọ́n tẹ̀ lọ́dàá nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ ni àwọn ìwẹ̀fà ààfin Ọ̀yọ́; Samuel Johnson kọ nípa wọn àti nípa agbára tí wọ́n ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláàfin nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìkà wà nínú rẹ̀ kò parọ́. Ẹran náà ń jẹ̀rora. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ fi ìrora yẹn rà.

Kí ni ẹpọ̀n ń ṣe gan-an? Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì. Ó ń pèsè àtọ̀ tó ń di ọmọ, ó sì ń da èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí testosterone lónìí. Ara àkùkọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ kejì yìí kedere. Lọ́dún 1849, ní ìlú Göttingen nílẹ̀ Jámánì, Arnold Adolph Berthold mú àkùkọ kékeré mẹ́fà. Àwọn tó yọ ẹpọ̀n wọn tán sanra, ogbe orí wọn kò dàgbà, wọn kò kọ, wọn kò jà, wọn kò sì wo abo. Àmọ́ lára àwọn mìíràn, nígbà tó yọ ẹpọ̀n tán, ó fi ẹyọ kan sínú ikùn, níbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Àwọn yẹn ń kọ láàárọ̀ bí àkùkọ yòókù, ogbe wọn pọ́n, wọ́n ń lé adìẹ kiri àgbàlá. Nígbà tó là wọ́n wò, ó rí i pé kò sí iṣan ìmọ̀lára tó tún so ẹpọ̀n náà mọ́ ara bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń dé ibẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó ń sọ akọ di akọ ń gbà nígbà náà. Ọdún 86 lẹ́yìn èyí, ní 1935, wọ́n yọ testosterone fúnra rẹ̀ jáde láti inú ẹpọ̀n akọ màlúù ní Amsterdam. Lọ́dún yẹn kan náà, Adolf Butenandt àti Leopold Ruzicka rí ọ̀nà láti ṣe é nínú yàrá ìwádìí, àwọn méjèèjì ló sì pín ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 1939.

Èròjà yìí ló ń mú ọrùn òbúkọ ki, tó ń mú irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, tó ń jẹ́ kó máa tọ̀ sí irùngbọ̀n náà àti sí ẹsẹ̀ iwájú ara rẹ̀. Òun ló ń jí àwọn ẹṣẹ́ tó ń sun ọ̀rá sí awọ orí, ibẹ̀ sì ni òórùn tí a fi ń mọ̀ pé òbúkọ wà nítòsí kí a tó rí i ti ń wá. Àwa ń di imú, àmọ́ abo ewúrẹ́ kì í di tirẹ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé èròjà kan wà nínú òórùn orí òbúkọ, 4-ethyloctanal lórúkọ rẹ̀, tó ń ta ibi tó ń darí ìbímọ nínú ọpọlọ abo jí. Ara akọ tí ẹpọ̀n rẹ̀ pé ni wọ́n ti rí i, wọn kò rí i lára èyí tí wọ́n ti tẹ̀. Ìbéèrè Ìyá nìyẹn tó padà wá: tí a bá tẹ gbogbo wọn tán, kì í ṣe pé akọ kò ní sí nìkan ni, àwọn abo pàápàá kò ní rí ohun tó ń jí wọn.

Èyí kò wá sọ pé ká fi gbogbo wọn sílẹ̀ o. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa máa ń tètè bàlágà. Akọ tó bá jẹun kánú lè fún abo lóyún nígbà tó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n bí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January. Tó bá fi máa di oṣù May, ó ti lè gun ìyá rẹ̀ àti ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wá sáyé. Oṣù márùn-ún ni oyún ewúrẹ́. Ní October, ó ti di bàbá àbúrò ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì pé ọdún kan. Nígbà tí ọmọ bá gun ìyá, tàbí tí bàbá bá gun ọmọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àbùdá ẹni tí wọ́n bá bí ló máa ń jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó gba ọ̀nà méjì wọlé. Àìlera tí ì bá fara pamọ́ sẹ́yìn àbùdá tó dáa á wá bọ́ síta. A ó máa rí ọmọ tó kéré, tí kò lè dìde mu ọmú, tó kú kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú. Àwọn ènìyàn á ní ayé ló ṣe ewúrẹ́ wọn. Mo ti jókòó nínú ilé tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ṣe é, òbúkọ tó jẹ́ bàbá àti bàbá ńlá gbogbo agbo náà sì dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ lójú tèmi, nítorí kì í pariwo. Tí Iléyá bá ń bọ̀, àwọn oníṣòwò ẹran á dé. Èwo ni wọ́n ń nawọ́ sí? Àgbò tó tóbi jù, tí ìwo rẹ̀ lọ́ pọ̀, àti òbúkọ tó yára dàgbà jù lọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Owó gidi ni wọ́n ń san, owó iléèwé ọmọ sì ń dúró. A ó tà á. Èyí tó kù nílé ni akọ kúkúrú tí oníṣòwò wò lẹ́ẹ̀kan tó kọjá lọ. Òun náà ni yóò wá máa gun àwọn abo ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tí a kò sì ní rántí pé òun là ń yàn ṣe bàbá. Lọ́dún tó ń bọ̀ a ó tún ta èyí tó dáa jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Àgbẹ̀ wo ní Manigri ló ń jẹ iṣu tó dára jù tán tó wá ń fi èyí tó rà ṣe èèbù? Kò sí. Bàbá mi máa ń ya iṣu èèbù sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣu tuntun, ẹni tó bá sì bù ú sè á gbọ́ ọ. Àmọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe sí iṣu, òun là ń ṣe sí ewúrẹ́ lọ́dọọdún.

Ibi tí ìtẹ̀lọ́dàá ti wúlò jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń kà mí dúró síbi yìí díẹ̀. A kì í tẹ akọ nítorí pé ó ń yọni lẹ́nu nìkan. À ń tẹ̀ ẹ́ kó má baà di bàbá. Nítorí náà, ẹni tó ń bèèrè pé "Ṣé kí n tẹ eléyìí?" kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Akọ tí a óò dá sí ni ká kọ́kọ́ wá. Nígbà tí a bá ti mọ̀ ọ́n, tí a sì ti gbà pé a kò ní tà á kí ọdún méjì tó pé, ọ̀rọ̀ àwọn yòókù á rọrùn: ká tẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó bàlágà, tàbí ká tà wọ́n. Òbúkọ kan lè tó ogún abo, kódà ó lè tó ọgbọ̀n. Ìyẹn ni pé àdúgbò kan kò nílò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ bá sì ti ń tó gùn, kó kúrò níbẹ̀; kí ará Manigri gbé tirẹ̀ lọ fún ará Bassila, kí ará Bassila gbé tirẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé àwọn tó ń sin ẹran fún èrè. Ẹranko kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní sugar glider, Ọsirélíà àti New Guinea ni ilé rẹ̀. Kò wúwo ju ẹyin adìẹ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó máa ń tẹ́ ẹ bí ẹní láti fi fò láti orí igi kan sí òmíràn. Ọjọ́ 16 péré ni oyún rẹ̀, ọmọ á wá wọnú àpò tó wà níkùn ìyá, á sì lo nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń sìn ín nínú ilé bí àwa ṣe ń sin ológbò. Akọ rẹ̀ tó bá ti bàlágà máa ń pá ní àárín orí. Ẹṣẹ́ tó ń tú òórùn jáde ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé òbúkọ ni òun náà lọ́nà tirẹ̀. Kò lè dá gbé, ìbànújẹ́ á bá a. Tí wọ́n bá fi abo sí i, wọ́n á bímọ. Tí àwọn ọmọ bá dàgbà nínú àgò kan náà, ọmọ á gun ìyá. Tí wọ́n bá fi akọ méjì tó bàlágà pọ̀, wọ́n lè já ara wọn jẹ. Ó ṣòro láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo nítorí àpò yẹn, nítorí náà akọ ni dókítà ẹranko máa ń tẹ̀. Òórùn á dín kù, irun á sì tún hù níbi tó pá. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè fi eyín tú ojú egbò rẹ̀ ká, a sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ lọ́jọ́ mélòó kan. Ẹnikẹ́ni kò ní jẹ ẹ́, kò sì sí Iléyá fún un. Ilé rẹ̀ kéré, ẹbí rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, nítorí náà ìdáhùn fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni pé kí wọ́n tẹ akọ. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ra òbúkọ kan ṣoṣo fún ọmọ rẹ̀ láti fi ṣeré ní Bassila. Tẹ̀ ẹ́, kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàn. Àṣà tí akọ bá ti fi ọdún méjì kọ́ kì í bá ẹpọ̀n lọ tán.

Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ńkọ́? Láyé àtijọ́, àwọn darandaran kan máa ń fi igi há okùn ẹpọ̀n, wọ́n á sì lù ú títí yóò fi fọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi abẹ là á. Àwọn kan ń fi rọ́bà dí i lọ́rùn kó lè gbẹ já bọ́, ó sì dà bí ẹni pé ìyẹn rọrùn jù, àmọ́ lábẹ́ rọ́bà yẹn ni ẹran ara ti ń kú díẹ̀díẹ̀, kòkòrò tetanus sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ẹran tó bá mú, ara rẹ̀ á gan bí igi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á há, ìró lásán á sì máa mú un gbọ̀n. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni ẹ̀mú ńlá tí à ń pè ní Burdizzo, orúkọ dókítà ẹranko ará Ítálì tó ṣe é. Kì í la awọ. Yóò tẹ okùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹpọ̀n fọ́ láti ìta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ẹpọ̀n á sì rọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí ojú egbò, eṣinṣin kò sì ní rí ibi yé ẹyin sí. Àmọ́ ó ń dunni, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Kí dókítà ẹranko fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò wọ̀n ọ́n, nítorí oògùn yẹn kì í pẹ́ pọ̀ jù fún ewúrẹ́ kékeré.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò. Testosterone ló ń mú ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ fẹ̀. Akọ tí a bá tẹ̀ ní kékeré jù, ojú ọ̀nà yẹn á wà ní tóóró. Tí a bá wá ń rọ eèrí àgbàdo àti ọkà fún un lójoojúmọ́ torí pé a fẹ́ kó sanra, òkúta wẹ́wẹ́ lè jókòó sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, kó wá há sọ́nà. Tí ẹ bá rí i tó ń tiraka, tó ń ké, tí ìtọ̀ sì ń kán tó tó tó, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Omi mímọ́ nígbà gbogbo àti ewé ju eèrí lọ ni ààbò rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ pé láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta ni kí wọ́n tẹ òbúkọ ilẹ̀ wa: kó má kéré jù, kó má sì tíì fún ìyá rẹ̀ lóyún.

Àwọn tó ń sin àgbò fún Iléyá máa ń bi mí bóyá ẹran tí wọ́n tẹ̀ ṣeé fi ṣe láyà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Mùsùlùmí, títí kan ti Maliki tí a ń tẹ̀ lé níhìn-ín, gbà pé ó ṣeé fi ṣe. Òfin àwọn Júù yàtọ̀: ìwé Léfítíkù 22:24 kọ̀ ọ́ fún pẹpẹ. Àmọ́ ìwo ni oníṣòwò ń wò, àgbò tí a bá sì tẹ̀ ní kékeré, ìwo rẹ̀ kì í ki dáadáa. Ẹni tó bá ń sin ín fún ọjọ́ náà, kó so ó mọ́lẹ̀ dípò kó tẹ̀ ẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá lọ́jọ́ kẹta. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wo akọ àwọn ará ilé yòókù." A rin ilé mẹ́rin. Nílé télọ̀ kan ni a ti rí òbúkọ pupa kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀, ìbejì ni wọ́n bí i, láti Pénéssoulou ni wọ́n sì ti rà á wá, nítorí náà kò bá abo kankan nínú agbo tan. Télọ̀ fẹ́ tà á nígbà Iléyá. Ìyá jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Wọ́n fẹnu kò sí i pé ilé tó bá ní abo ní àdúgbò náà yóò máa dá díẹ̀ fún un nígbàkigbà tí abo wọn bá bímọ, kó lè dúró di ọdún kejì. Àwọn akọ kéékèèké tó kù, dókítà ẹranko wá láti Bassila pẹ̀lú ẹ̀mú rẹ̀, ó sì ṣe mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ọmọ dúdú onílà funfun náà wà lára wọn. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dùbúlẹ̀ títí di ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́ ó dìde ó jẹ èèpo gbágùúdá. Mo sọ fún Ìyá pé àtọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lè fún abo lóyún síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n má ì tíì jẹ́ kó sún mọ́ ìyá rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Wọ́n so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìdáná. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú èédú, wọ́n á fa ìlà kan sára ògiri. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo fi kúrò ní Manigri.